Ọ́kíìdì Tí Wọ́n Fi Òrí Pa Lára

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, obìnrin kan ń bá ìyá rẹ̀ jà lórí ọ́kíìdì, òdòdó tó ṣọ̀wọ́n, tó gbé fún un tọ́jú nígbà tó rìnrìn àjò.

"Mọ́mì, ọdún mẹ́fà ni mo ti ń retí kó tanná! Kí lẹ fi pa ewé rẹ̀ lára?"

"Òrí ni. Híítà tó ń mú ilé gbóná ti mú kó gbẹ, ó funfun bí ara ọmọ aláìníyàá."

"Ewé ló fi ń mí!"

"Ìwọ náà ń mí, òrí ni mo sì fi pa ọ́ lára dàgbà."

"Ṣé kò tíì kú?"

"Kú kẹ̀? Ó ń dán!"

Ìyá náà mú òrí jáde nínú báàgì.

"Mú ọwọ́ wá. Ìwọ náà ti gbẹ."

Ọmọ náà ń ráhùn lọ, ṣùgbọ́n ó nawọ́. Níbi tí mo jókòó sí lẹ́yìn wọn, èmi àgbàlagbà jowú ọwọ́ náà.