Ẹni Kẹfà Tó Ń Jẹ́ Orúkọ Náà

Ọmọ mi, jókòó dáadáa kí o tó máa ka ìwé yìí lọ. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ ti pẹ́ níkùn mi ju ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lọ, mi ò sì fẹ́ gbé e wọ sàréè. Dókítà ò fi pa mọ́ fún mi: ó ní ọkàn mi ti rẹ̀, kí n tètè yanjú ohun tí mo bá fẹ́ yanjú. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún ọ lójúkojú nígbà tí o wá lọ́jọ́ Ajé, ṣùgbọ́n ẹnu mi kọ̀ jálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o padà wá ní Sátidé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti jókòó ti tábìlì yìí, tí mò ń kọ, tí mò ń ya, tí mò ń tún un kọ. Ojú ń tì mí, àgbàlagbà bíi tèmi.

Ìwọ rò pé ọ̀dọ̀ àjèjì lo wá. Àwọn ará ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn ló júwe mi fún ọ, wọ́n ní kí o lọ bá Bàbá Alápòòwé, pé kò sí olókìkí kan tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀. O tẹ́ bébà kan síwájú mi. O kọ orúkọ bàbá rẹ sókè, o wá to èèyàn ńlá márùn-ún tó ń jẹ́ orúkọ náà, tòun ti orúkọ ìdílé, sísàlẹ̀: adájọ́ kan, gólì tó gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè, dókítà ẹranko, ẹni tó ń kọ orin ìjọ, àti obìnrin kan tó ń wa bàálù. O ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, èwo nínú wọn ló lè jẹ́ ẹbí bàbá mi? Màmá mi kú lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Títí tí wọ́n fi kú, ohun tó dùn wọ́n jù ni pé irọ́ ni bàbá mi pa fún àwọn, pé ilé tó júwe fún wọn kì í ṣe ilé rẹ̀. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá òpùrọ́ ni bàbá mi." Mo dìde lọ po tíì fún ọ, mi ò wo ohun tí mò ń bù sí i. O tọ́ ọ wò, o ní, "Háà, Bàbá, iyọ̀ lẹ bù sí i o!" O wá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ bí òsúkè, ó lọ sókè, ohùn wá pa mọ́ ọ lẹ́nu, èjìká rẹ nìkan ló ń gbọ̀n. Mi ò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rí irú ẹ̀rín yẹn.

Bàbá rẹ kì í ṣe òpùrọ́. Èmi ni òpùrọ́. Àbúrò mi ni, òun ló tẹ̀lé mi, àwa méjì péré ni Màámi bí. Ẹlẹ́rìn-ín là ń pè é nílé. Iṣẹ́ bíríkìlà ló kọ́, ó sì lọ ń ṣe é ní ìlú kan tó jìnnà. Lọ́jọ́ kan, lẹ́tà fọ́ọ̀mànù wọn bá mi níbi iṣẹ́: àkàbà tí wọ́n dúró lé lára ilé alájà mẹ́ta ló já, Ẹlẹ́rìn-ín sì ti lọ, wọ́n ti sin ín. Ó ní ìyàwó Ẹlẹ́rìn-ín lóyún sínú. Mo ka lẹ́tà náà lórí ìdúró, mo tún un kà lórí ìjókòó. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Màámi ti ilé ìwòsàn dé, àìsàn ọkàn ló gbé wọn lọ síbẹ̀. Dókítà ti kìlọ̀ fún mi pé wọn ò gbọ́dọ̀ gbọ́ ohun tó máa já wọn láyà. Bí mo ṣe wọlé ni wọ́n béèrè pé, "Ṣé Ẹlẹ́rìn-ín ti kọ̀wé?" Mo ní, "Ó ti kọ̀wé, Màámi. Ó ń kí yín." Ibẹ̀ ni mo ti kó sí i.

Kí o mọ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe nígbà yẹn. Gbogbo ìròyìn tó bá dárúkọ ẹni ńlá, èmi ni mò ń gé e, tí mò ń kó o sí àpòòwé onítọ̀hún. Níbi tí èèyàn méjì mẹ́ta bá ti ń jẹ́ orúkọ kan náà, èmi ni mò ń yà wọ́n sọ́tọ̀, kí wọ́n má baà lẹ fọ́tò adájọ́ mọ́ ìròyìn olè. Mo mọ iṣẹ́ náà délẹ̀délẹ̀. Àṣé mo fẹ́ fi ba tara mi jẹ́. Màámi ò mọ̀wé, ojú wọn sì ti ń ṣe bàìbàì. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tí mo lè fi parọ́ tán, mo gbé ìròyìn gólì yẹn wálé, mo kà á fún wọn. Wọ́n gbọ́ orúkọ ọmọ wọn nínú ìwé ìròyìn! Wọ́n gba bébà náà, wọ́n fi pa ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo gbé ti adájọ́ wá. Màámi ní, "Dúró ná. Ẹni tó ń dájọ́ láàárọ̀, tó tún ń ṣọ́ gólì lọ́sàn-án, ìgbà wo ló ń jẹun? Ta ló ń bá a fọṣọ?" Mo ní, "Màámi, ẹ ṣáà mọ̀ pé ọmọ yín ò lè jókòó sójú kan." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní òótọ́ ni. Mo ka ti dókítà ẹranko, mo ka ti olórin. Kódà mo ka ti obìnrin awabàálù yẹn. Mo kàn fo ibi tí wọ́n ti ní ó bí ìbejì.

Má rò pé nítorí àìsàn Màámi nìkan ni o. Kò ju ọdún kan lọ tí dókítà fi ní ara wọn ti le, pé ọkàn wọn lè gbé ohunkóhun báyìí. Mo lè sọ ọ́ nígbà yẹn. Mi ò sọ ọ́. Ó ti mọ́ mi lára kí wọ́n máa retí mi lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n máa di ọwọ́ mi mú bí mo bá ń kàwé. Èmi tí wọn ò kí fún nǹkan kan rí, mo ń jẹ oyin lára òkú àbúrò mi.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ẹ dé. Màmá rẹ wọ búláòsì aláwọ̀ ewéko tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán, ó di ìwọ lọ́wọ́ mú, o ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó dárúkọ Ẹlẹ́rìn-ín lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́, ó ní, "Ìyàwó rẹ̀ ni mí, sà. Ọmọ rẹ̀ nìyí. Mo ní kí ìyá rí ọmọ ọmọ wọn ni." Màámi wà nínú yàrá, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ sí wa. Mo fa ilẹ̀kùn mọ́ra díẹ̀. Mo ní, "Mádàámú, ẹ ṣi ilé. Orúkọ yẹn pọ̀. Èmi fúnra mi mọ èèyàn márùn-ún tó ń jẹ́ ẹ, kò sì sí bíríkìlà nínú wọn." Gbọ́ ohun tí ẹnu mi sọ! Ó yọ fọ́tò jáde. Àbúrò mi ló ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín, sìmẹ́ńtì wà ní fìlà rẹ̀. Màmá rẹ ní, "Ẹ tún un wò dáadáa, sà." Mo tún un wò. Mo ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n rí." Ó fi fọ́tò náà pamọ́. Ó wá sọ pé, "Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ń bá ìwé ìròyìn ṣiṣẹ́. Ó ní bí ohunkóhun bá ṣe òun, ẹ̀gbọ́n òun ò ní jẹ́ kí ìyà jẹ wá." Mo ní, "Ó ṣeé ṣe kó tàn yín ni." Ọmọ mi, èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ìwọ ò tiẹ̀ fetí sí wa. Ò ń gbé irin tó bo ihò tí wọ́n ń gbà ju lẹ́tà wọlé lára ilẹ̀kùn sókè, o jẹ́ kó já bọ́, gbà! o sì ń rẹ́rìn-ín. Mo ti ilẹ̀kùn.

Màámi ti jókòó sókè lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí mo wọlé. "Ta ló ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà yẹn?" Mo ní ọmọ aládùúgbò ni. Wọ́n ní, "Ọmọ aládùúgbò kẹ̀? Ẹ̀rín Ẹlẹ́rìn-ín mi nìyẹn, láti kékeré." Mo ní gbogbo ọmọdé ló ń rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ọ̀sán bá ti pọ́n, wọ́n á ní kí n ṣí fèrèsé tó kọjú sí títì, kí àwọn lè gbọ́ ọmọ aládùúgbò. Bí mo bá mú ìwé ìròyìn jókòó, wọ́n á ní, "Fi adájọ́ yẹn sílẹ̀ ná, jẹ́ kí n gbọ́." Ọdún méje gbáko ni wọ́n fi dẹ etí sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ kẹ́yìn fún mi ni pé, "Ọmọ yẹn ò mà tún rẹ́rìn-ín mọ́." Mo wá yín lẹ́yìn tí wọ́n kú, ṣùgbọ́n mi ò wá yín tọkàntọkàn. Ẹ̀rù ń bà mí pé mo lè rí yín.

Káàdì tí mo fi mọ́ ìwé yìí, irú èyí tí a fi ń ya àwọn olórúkọ kan náà sọ́tọ̀ níbi iṣẹ́ ni. Orúkọ bàbá rẹ ni mo kọ sókè. Sísàlẹ̀, mo kọ ọ́ pé: "Bíríkìlà. Bó bá rẹ́rìn-ín, èjìká rẹ̀ á máa gbọ̀n. Òótọ́ ló sọ fún ìyàwó rẹ̀ nípa ilé rẹ̀ àti nípa ìyá rẹ̀. Irọ́ kan ṣoṣo tó pa ni ohun tó sọ nípa ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ò sì mọ̀ pé irọ́ ni. Ó bí ọmọbìnrin kan." Jọ̀ọ́, kọ ọ́ ṣe ẹni kẹfà lórí bébà rẹ. Bí o bá dé ojú oórì màmá rẹ, bá mi sọ fún wọn pé ilé tí wọ́n wá, òun gan-an ni.

Mi ò ní bẹ̀ ọ́ pé kí o dárí jì mí lónìí, ó ti yá jù. Bí o bá fẹ́ bú mi, bú mi. Bí o bá fẹ́ dìde kí o máa lọ, mi ò ní bínú. Ṣùgbọ́n kí o tó lọ, ọmọ àbúrò mi, jọ̀ọ́, wọ yàrá Màámi, ilẹ̀kùn kejì lápá ọ̀tún. Mo ti ṣí fèrèsé. Bí ẹ̀rín ò bá wá, sunkún níbẹ̀. Ohùn rẹ ṣáà ni wọ́n ń retí.