Ilẹ̀kùn Tí Mo Fi Eré Tì

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ má ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni láé, ìbáà ṣe eré. Bí ilẹ̀kùn kan bá wà ní títì lẹ́yìn yín báyìí, ẹ dìde, ẹ ṣí i, kí ẹ tó máa kà á lọ. Èmi náà ti ṣí tèmi. N kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ jù nínú mi, ó ti ń rà. Ọdún mẹ́ta ni mo fi gbé e mì. Lónìí, ó gbọ́dọ̀ jáde.

Ilé ìfọṣọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nínú ọkọ̀ òkun ńlá kan tó máa ń gbé àwọn tó rí já jẹ kiri ayé fún oṣù mẹ́rin gbáko. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni àwa wà, níbi tí kò sí fèrèsé. Èmi ń fọ aṣọ, ọ̀rẹ́ mi ń fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́. Jẹ́jẹ́ ni a máa ń pè é, nítorí kò sí ohun tó lè mú un sáré. Òun náà sọ mí ní Aláago, nítorí ojú mi kì í kúrò lára aago. Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló wà lókè tèmi. Àwa méjì péré la gbọ́ èdè ara wa nínú gbogbo ọkọ̀ náà. Bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, wọ́n lè gbà wá láàyè láti lọ wo ìlú, ṣùgbọ́n méjì-méjì ni a gbọ́dọ̀ lọ, ẹnì kìíní ni yóò sì dáhùn fún ẹnì kejì. Bí ẹnì kan bá pẹ́, wọ́n á fún àwọn méjèèjì ní ìwé ìkìlọ̀; ẹni tó bá gba méjì, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Pátákó kan wà lẹ́nu àtẹ̀gùn ọkọ̀, ike pẹlẹbẹ tí a kọ orúkọ olúkúlùkù wa sí wà lórí ìṣó níbẹ̀, ojú kan pupa, ojú kejì funfun. Bí o bá ń jáde, wàá yí tìrẹ sí pupa. Bí o bá wọlé, wàá yí i sí funfun. Tí gbogbo rẹ̀ bá ti funfun, ọkọ̀ á ṣí. Àwa òṣìṣẹ́ a máa bá ara wa yí i, bí a bá ti rí ẹnì kejì tó ń bọ̀ lókèèrè. Gbogbo wa là ń ṣe é. Ẹ má rò pé mò ń wí àwíjàre o. Àbí mò ń wí i?

Ọ̀sán ọjọ́ náà, a gun òkè lọ wo ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ kan tí wọ́n ti sọ di ibi ìwòran. Ìyá àgbà kan ló ń ṣọ́ ọ. Ó ti di ẹrù rẹ̀. Ó ní òun ń lọ sílé, òun kò ní padà wá títí àwọn tó fẹ́ tún òrùlé ṣe á fi parí, pé ọ̀la ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀, pé kí a ṣáà fa géètì dé bí a bá ń lọ. Ó fún Jẹ́jẹ́ ní ọsàn kan. Ó gbẹ́kẹ̀ lé wa. A ń wo àwọn yàrá kéékèèké náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní, "Jẹ́jẹ́, jẹ́ ká máa lọ o, ó ku wákàtí kan." Ó wọ èyí tó kẹ́yìn, ó nà gbalaja sórí òkúta tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ń sùn lé. Ó ní, "Aláago, ọkọ̀ ò ní gbàgbé wa. Wá wo bẹ́ẹ̀dì! Ó fẹ̀ ju tèmi lọ. Ẹlẹ́wọ̀n yìí jayé jù mí lọ." A rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ó dáa, máa gbé ibẹ̀," mo sì fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu mi nígbà tí irin inú rẹ̀ já wálẹ̀, gbà! Mo fà á, kò ṣí. Mo fi èjìká gbá a. Ihò kọ́kọ́rọ́ ni mo rí, n kò rí kọ́kọ́rọ́. Jẹ́jẹ́ ṣì ń ṣeré nínú: "Ọ̀gá ẹ̀wọ̀n, ẹ ṣíjú àánú wò mí." Nígbà tó yá, kò ṣeré mọ́. "Aláago. Ṣí i." Mo ní mò ń lọ wá ìyá náà. Mo sáré jáde. Ọ̀nà dá páropáro. Fèrè ọkọ̀ fọn lẹ́ẹ̀kan. Mo sọ̀kalẹ̀ òkè náà, n kò sì wẹ̀yìn.

Ní ẹnu àtẹ̀gùn, ẹ̀ṣọ́ ń bá arìnrìn-àjò kan gbé àpò. Ọ̀rọ̀ kún ẹnu mi. Ṣùgbọ́n mo ti gba ìwé ìkìlọ̀ kan tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá fún mi ní èkejì, ilé yá. Mo sọ fún ara mi pé àwọn oníṣẹ́ òrùlé á dé láàárọ̀, wọn á ṣí i, Jẹ́jẹ́ á bá wa ní èbúté tó kàn, á sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Mo yí ike mi sí funfun. Mo yí tirẹ̀ náà. Pátákó funfun báláú. Ọkọ̀ ṣí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, áyọ́ọ̀nù rẹ̀ tutù. Wọ́n wá a títí. Ọ̀gá ilé ìfọṣọ pè mí. "Ṣé ẹ jọ wọlé?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ike ẹ̀ funfun. Níbo ló wá wà?" Ibi tó yẹ kí n ti sọ òótọ́ nìyẹn. Mo ní inú rẹ̀ kò dùn láti ọjọ́ mélòó kan, pé omi ló ń wò ṣáá. Kò sẹ́ni tó ní kí n sọ ìyẹn. Èmi ni mo fi kún un. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, mo fọwọ́ sí i. Wọ́n wá gbé fóònù fún mi kí n sọ fún ìyàwó rẹ̀, torí kò sí ẹlòmíràn tó gbọ́ èdè. Ó ní, "Bùrọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀lẹ yẹn ńkọ́? Ṣé ó ti sùn lọ sórí aṣọ ni?" Mo ní kó jókòó. Mo ní ọkọ rẹ̀ bẹ́ sómi. Ó ní, "Ọkọ tèmi? Tó jẹ́ pé bí òjò bá rọ̀, èmi ni mo máa ń dì í lọ́wọ́ mú sọdá gọ́tà? Bùrọ̀dá, ẹ lọ wò ó dáadáa." Mo ní mo fi ojú ara mi rí i. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí? Mo fi ojú ara mi rí i.

Láti ọjọ́ náà, ike mi kò pupa mọ́. A gúnlẹ̀ síbí, a gúnlẹ̀ sọ́hùn-ún, n kò lè jáde. Mo ń dùbúlẹ̀ sísàlẹ̀, mo ń wo pákó bẹ́ẹ̀dì tí kò sẹ́ni lórí rẹ̀. Nígbà tí mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ wálé, yàrá mi náà kò yàtọ̀, n kì í jáde níbẹ̀. Àfi oṣù tó kọjá tí alásè kan tí a jọ ṣiṣẹ́ pè mí: "Aláago, Jẹ́jẹ́ yín wà láyé o!" Ó ní òjò ni kò jẹ́ kí àwọn oníṣẹ́ òrùlé tètè wá, ọjọ́ karùn-ún ni wọ́n tó ṣí i. Òjò yẹn kan náà ló jò wọlé tó ń mu. Kò ní ìwé ìrìnnà kankan lápò, inú ọkọ̀ ni tirẹ̀ wà. Àwọn aláṣẹ ìlú náà béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ̀, ọkọ̀ ní onítọ̀hún ti kú, ẹlẹ́rìí wà. Ni wọ́n bá tún tì í mọ́ yàrá mìíràn fún oṣù márùn-ún. Nígbà tó pe ìyàwó rẹ̀, ìyẹn ju fóònù nù, ó ní òkú ń pe òun. Ó ti padà sílé tipẹ́, èmi ni n kò gbọ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi ni mo ti ilẹ̀kùn méjèèjì.

Mo lọ bá a nílé rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ti yọ gbogbo ilẹ̀kùn ilé náà, kọ́tìnnì ló kù. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo jẹ́wọ́ eré, mo jẹ́wọ́ ike, mo jẹ́wọ́ fóònù. Ìyàwó rẹ̀ wọlé, kò sì jáde mọ́. Jẹ́jẹ́ fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi. Ó ní, "Aláago, eré ni, mo mọ̀. Ike, gbogbo wa là ń yí i. Ti fóònù, ìyàwó mi lo máa bẹ̀. Ọ̀kan ló kù, bí o bá sọ ọ́, mo ti dárí jì ẹ́. Lẹ́yìn tí fèrè fọn, o padà wá. Mo rí bàtà funfun ẹ lábẹ́ ilẹ̀kùn. Mo dákẹ́, mo rò pé kọ́kọ́rọ́ lò ń wá lápò. O dúró títí fèrè fi tún fọn. O ò pè mí. O lọ. Kí lò ń rò níbẹ̀?"

Mo wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ títí apá mi fi kú. Lẹ́yìn náà mo dìde, mo sì lọ.

Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹ bá mi bẹ ìyàwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má bi mí ní ohun tí Jẹ́jẹ́ bi mí. Bàtà náà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi níbí, n kò lè wọ̀ ọ́, n kò lè jù ú nù. Èyí tó kù, n kò ní sọ ọ́.