Aṣọ Tí Mo Fi Purọ́ Mọ́ Daulet

Ẹ má pàtẹ́wọ́ fún mi mọ́. Ẹ ní kí n wá sí Vienna wá gba àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ níyànjú, ṣùgbọ́n dókítà ti sọ fún mi pé mi ò ní rí ọdún tuntun, mi ò sì ní gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Èmi Hedwig Pichler, mo ba ayé ènìyàn jẹ́.

Ẹ mọ iṣẹ́ wa. Àwọn olùbẹ̀wò á fi aṣọ pélébé nu ògiri ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń lo yureníọ̀mù, àwa á yẹ eruku ibẹ̀ wò, ká lè mọ̀ bóyá iná mànàmáná ni wọ́n ń fi yureníọ̀mù náà ṣe tàbí bọ́ǹbù. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, mi ò nu tábìlì mi dáadáa. Eruku yureníọ̀mù bọ́ǹbù tí mo yẹ̀ wò lánàá ràn mọ́ aṣọ tòní. Ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ eruku wò ní bọ́ǹbù ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ọ̀gá mi, Strasser, bi mí pé, "Hedwig, ṣé ó dá ọ lójú pé tábìlì rẹ mọ́?" Mo ní, "Ọdún mélòó ni mo ti wà níbí tí ẹ fi ń bi mí nírú ìyẹn?" Ìgbéraga lásánlàsàn!

Wọ́n ránṣẹ́ pe Daulet, ẹnjiníà tó ń bójú tó ilé iṣẹ́ náà, kó wá sọ tẹnu rẹ̀. Kó tó dé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì. Mo yọ aṣọ kejì tí wọ́n fi nu ògiri kan náà, tí a fi pamọ́, mo dá yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí eruku bọ́ǹbù kankan lára rẹ̀. Mo ki ìwé èsì náà bọ inú báàgì mi. Níbi ìpàdé, Daulet ò wo àwọn ọ̀gá, èmi ló wò. Ó ní, "Ìyá, ẹ̀yin lẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Mi ò fi gíráàmù kan pamọ́ rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn." Báàgì yẹn wà lórí itan mi! Mo la ẹnu mi báyìí, mo ní, "Ohun tí ẹ̀rọ rí ni mo kọ."

Wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́rin nílùú rẹ̀. Aigul ìyàwó rẹ̀ kú kó tó jáde. Èmi? Wọ́n fún mi ní àmì ẹ̀yẹ.

Ọ̀gá Strasser, mo rí yín bí ẹ ṣe ń juwọ́ sí mi pé kí n jókòó. Nínú ọkọ̀ ojú irin láàárọ̀ yìí náà lẹ ti ń sọ pé, "Hedwig, pa á mọ́ra. Tí ayé bá gbọ́, ta ló tún máa gba àyẹ̀wò wa gbọ́?" Mi ò jókòó! Aṣọ kejì ò purọ́, èmi ni mo purọ́. Èsì rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò Daulet. Ẹ pe ọlọ́pàá tó bá wù yín.

Ẹ̀yin ọmọ, lọ́jọ́ tí ọwọ́ yín bá ṣì, ẹ pariwo rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ìtìjú ò ní pa yín. Lọ́jọ́ Àìkú, mo pe Daulet lórí fóònù, mo jẹ́wọ́. Ó ní, "Ìyá, kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ nígbà tí Aigul ṣì wà láyé?"  Òun nìkan ni mo ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe ẹnikẹ́ni nínú gbọ̀ngàn yìí.