Àgbò Tó Wà Nínú Òtútù

Àsàláámù àlékúmù, ẹ̀yin ọkùnrin tó wà níwájú, ẹ̀yin ìyá wa tó wà lẹ́yìn, àti ẹ̀yin aládùúgbò wa tí ẹ kì í ṣe mùsùlùmí, tí ẹ sì wá gbọ́ wáàsí. Ọlọ́hun á fi àlùbáríkà sí ìjókòó yín. Ẹ̀tọ́ aládùúgbò la fẹ́ sọ lónìí. Aládùúgbò tó ń kírun ní ẹ̀tọ́ lọ́rùn wa. Èyí tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Òun náà ní tirẹ̀. Ẹni tó bá ń fi irọ́ jẹ ẹ̀tọ́ yẹn, kó fetí sílẹ̀ dáadáa, torí Ọlọ́hun lè gba ibi tí kò rò tú àṣírí rẹ̀. Ó lè gba inú orin Kérésìmesì pàápàá.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Ó dáa, ẹ gbọ́.

Ọkùnrin kan wà ní Ẹdẹ tó ń ta pákó, Alájì Bísíríyù lorúkọ rẹ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ń kírun lásìkò, kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n tó bá di pé kí nǹkan kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, àyà rẹ̀ á máa já. Tó bá fún èèyàn lómi mu, á tẹjú mọ́ ife náà títí yóò fi padà sọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọdún tí à ń wí yìí, Iléyá bọ́ sí oṣù kọkànlá. Alájì ra àgbò ńlá kan, gbogbo àdúgbò ló rí i. Bó ṣe ń wo àgbò náà ló ń ro iye ẹnu tó ń dúró dè é: àwọn ìbátan, àwọn ọmọ ìyá alákàrà tó wà lódìkejì, Tíṣà Jósáyà tó ń gbé ilé kejì. Inú rẹ̀ bàjẹ́. Kí ló ṣe? Ní àìsùn ọdún, ó dọ́gbọ́n gbé àgbò lọ sí abúlé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Nígbà tó di òwúrọ̀, ó bọ́ síta, ó káwọ́ lérí.

"Yéè! Àgbò mi ti já okùn! Ó ti sá lọ!"

Lẹ́yìn ìrun Yídì, abúlé yẹn ni wọ́n ti pa á. Ó di ẹran sápò, ó kó o wálé, ó tò ó sínú fìrísà, ó sì ti fìrísà náà ní kọ́kọ́rọ́.

Fífi ẹran sínú fìrísà kì í ṣe haráámù o! Ẹ má délé kẹ́ ẹ lọ bá ìyàwó yín jà. Irọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ wà.

Ìyá alákàrà bá a kẹ́dùn, ó bu ẹran tirẹ̀ wá fún un. Alájì gbà á. Ó gbà á o, ẹ̀yin èèyàn mi! Tíṣà Jósáyà, tó jẹ́ olórí akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, tí orúnkún sì ń dùn ún, mú ọ̀pá rẹ̀, ó wọ igbó ẹ̀yìn ojú irin lọ, ó ń ké bí àgbò, bóyá àgbò Alájì á dá a lóhùn. Nígbà tó dé, èèmọ́ ti lẹ̀ mọ́ gbogbo ṣòkòtò rẹ̀.

"Alájì, ẹ má bínú, mi ò rí i. Ṣùgbọ́n mo ti fi í sádùúrà."

Sàlámátù, ìyàwó Alájì, gbé omi fún Tíṣà. Ojú rẹ̀ kò kúrò nílẹ̀.

Nígbà tí Kérésìmesì kù díẹ̀, àwọn akọrin bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé. Àṣà àdúgbò yẹn ni pé bí ajísààrì ṣe ń kọrin jí gbogbo ilé nínú ààwẹ̀, tí kì í béèrè ẹ̀sìn, bẹ́ẹ̀ náà ni akọrin Kérésìmesì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà gbogbo èèyàn. Alájì ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Aláásàrì tán ní pálọ̀ ni wọ́n dé iwájú ilé rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ orin ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ mọ̀ pé ohùn òyìnbó ni wọ́n fi ń kọ òmíràn. Ohùn òyìnbó ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Yorùbá ní ohùn tirẹ̀. Á ti ọ̀rọ̀ lulẹ̀ níbi tó yẹ kó dúró. Orin ọjọ́ náà dá lórí àwọn olùṣọ́ àgùntàn tó fi agbo wọn sílẹ̀ nínú pápá. Agbo ni Tíṣà kọ́ àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n ohùn orin já wálẹ̀ níbẹ̀, ohun tó wọ etí Alájì ni:

"Olùṣọ́, àgbò rẹ dà?
Àgbò wà nínú òtútù."

Alájì fò dìde lórí ẹní.

"Láà ìláà! Sàlámátù, ìwọ lo sọ fún wọn!"

"Kí ni mo sọ, Alájì?"

"Pé àgbò wà nínú òtútù! Ta ni olùṣọ́ tí wọ́n ń bá wí, bí kì í ṣe èmi tí mò ń ṣọ́ fìrísà?"

"Orin ni wọ́n ń kọ."

"Orin èébú ni! Ọmọ kékeré ń wí fún mi pé 'àgbò rẹ dà'!"

Àwọn olóhùn ńlá sì tún gbà á níta pé: "Nínú òtútù, nínú òtútù."

Alájì ò lè gbà á mọ́ra mọ́. Ó já síta tòun ti tẹ̀sùbáà lọ́wọ́.

"Ó tó gẹ́ẹ́! Èmi ni mo ni àgbò mi! Tó bá wà nínú fìrísà, kí ló kàn yín ńbẹ̀?"

Orin dá. Tíṣà pariwo tayọ̀tayọ̀ pé, "Ẹ̀yin ọmọ, Alájì ti rí àgbò rẹ̀!"

Àwọn akọrin bú sáyọ̀, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. "Ẹ kú oríire, Bàbá!" Ìyá alákàrà sáré sọdá. "Wọ́n rí i? Níbo ló sá lọ?"

Ẹ wo ibi tí Ọlọ́hun gbé ọkùnrin yìí sí. Ṣé kò rọrùn kó ní abúlé kan ni wọ́n ti rí i? Ta ni yóò já a nírọ́? Orúkọ rẹ̀ á wà bó ṣe wà. Ó tiẹ̀ ti lanu láti sọ ọ́. Àmọ́ ó rí Tíṣà, tó fi ọwọ́ kan di orúnkún mú, tó ń rẹ́rìn-ín nítorí àgbò ẹlòmíràn. Ó jáwọ́ nínú irọ́ náà.

"Tíṣà," ó wí pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, "kò sọnù. Kò já okùn rárá. Mo parọ́ fún yín ni, kí n má bàa pín in."



"Háà!" Ìyá alákàrà ló kọ́kọ́ fèsì. "Ẹran tí mo mú lẹ́nu àwọn ọmọ mi fún yín!"

Alájì dorí kodò. "Ṣebí ohun tí ẹ ń fi kọrin nìyẹn?"

"Agbo la wí, Alájì," Tíṣà dáhùn. "Agbo àgùntàn. Àwa ò mọ nǹkan kan."

Sàlámátù ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ti há sí i nínú láti Iléyá. Tíṣà náà mi orí. "Alájì, mo ké bí àgbò nínú igbó yẹn títí ajá fi lé mi." Gbogbo wọn bá rẹ́rìn-ín, ó wá fi kún un pé, "Ẹ jẹ́ ká tètè jẹ ẹ́, kó má lọ já okùn lóòótọ́."

"Èmi ò rẹ́rìn-ín o," ni Ìyá alákàrà wí. "Itan ni tèmi."

Itan náà ló gbà. Ó fọwọ́ wọ̀n ọ́n wò kó tó dúpẹ́. Alájì fúnra rẹ̀ ló gbé abọ́ kiri àdúgbò. Sàlámátù ní ó ń ka ẹran náà lọ́kọ̀ọ̀kan nílé àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ilé tó kẹ́yìn, ó ti ń béèrè bóyá ó tó wọn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, àwọn akọrin ò mọ nǹkan kan. Ọkàn tirẹ̀ ló ń túmọ̀ orin fún un. Ẹni tó ti fún aládùúgbò ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, tí wọ́n bá kọrin lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, orin nìkan ni yóò gbọ́.

Ọlọ́hun Ọba, Ìwọ tí O mọ ohun tí kálukú tì mọ́lé, fi ọ̀nà hàn wá. Tú ọwọ́ wa kí àṣírí wa tó tú. Jẹ́ ká lè máa wo ojú ara wa láìbojú wẹ̀yìn. Ẹ ṣe Àmín, ẹ ṣe é kó dé ilé kejì.