Ohùn Tó Wà Nínú Fíìmù Yẹn, Èmi Ni

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bèèrè orúkọ mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sáyà, mi ò sì lè gbé e mọ́. Mo ń kọ ọ́ báyìí nítorí pé wọ́n fẹ́ lé ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ jáde nílé wa, lórí ohun tí èmi ṣe.

Ọmọ Bẹ́yẹrúnkà nígboro Ìbàdàn ni mí. Ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ni agboolé wa, bàbá bàbá mi ló kọ́ ọ. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ṣì ń gbé. Tíṣà ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Òkè-Àdó. Bí ìjà bá ti ṣẹlẹ̀ nígboro, àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ á ní, "Tíṣà, ṣé àwọn èèyàn yín náà nìyẹn?" Màá rẹ́rìn-ín. Ó ń dùn mí.

Nígbà tí àwọn kan dé láti Èkó pẹ̀lú kámẹ́rà, tí wọ́n ní àwọn ń ṣe fíìmù nípa ìgboro Ìbàdàn, èmi ni mo mú wọn kiri. Inú mi dùn. A gun òkè Mápó, wọ́n rí òrùlé páànù tó dógùn-ún lọ salalu. Mo ṣàlàyé bí àwọn bàbá wa ṣe tẹ̀dó, bí ilé ṣe ń di pínpín, tí yàrá kan ń di méjì, títí kò fi sí àgbàlá mọ́. Ọ̀gá wọn yán. Ó ní, "Ó dáa, àmọ́ àwọn ọmọ ìta ńkọ́? Àwọn yẹn làwọn èèyàn fẹ́ wò."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Mo fẹ́ kó mọ̀ pé èmi yàtọ̀ sí àwọn ará àdúgbò mi.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Bọ̀dá Múfù ń bọ̀ láti ọjà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, alápatà ni. Ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ màlúù wà láṣọ rẹ̀. Wọ́n yà á láti ojú fèrèsé yàrá mi, kò mọ̀; kò sì sí ará ilé kankan tó mọ̀ pé èmi ni mo mú wọn wá. Ọ̀gá wọn bi mí pé, "Ta nìyẹn?" Mo mọ ohun tó fẹ́ gbọ́. Mo ní, "Ọ̀kan lára wọn ni. Gbogbo àdúgbò ló ń bẹ̀rù rẹ̀." Wọ́n ní àwọn á fi ojú mi pamọ́, àwọn á sì yí ohùn mi padà. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́.

Fíìmù náà dé orí fóònù gbogbo èèyàn. Kò pẹ́ tí ìjà fi bẹ́ sílẹ̀ ní Bẹẹrẹ, ni ọlọ́pàá bá wá gbé Bọ̀dá Múfù níbi tó ti ń kírun. Ó pẹ́ lọ́dọ̀ wọn kí wọ́n tó gbà pé kò mọ nǹkan kan. Nígbà tó máa fi dé, ó ti ń tiro. Ẹbí ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́ ní Kúdẹtì sì ti dá ẹrù ìdána rẹ̀ padà. Wọ́n ní àwọn ò lè fọmọ fún jàǹdùkú.

Èmi ni mo lọ gba béèlì rẹ̀. Ó dìrọ̀ mọ́ mi lọ́rùn, ó ní, "Tíṣà, bí kì í bá ṣe tìẹ, ǹ bá kú síbẹ̀."

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ṣépè nílé wa fún ẹni tó sọ̀rọ̀ nínú fíìmù yẹn. Èmi náà á ṣe àmín. Mo wá yàrá síbòmíràn kí n lè kó jáde, ìyá mi sunkún, ó ní ta ni mo fẹ́ fi òun sílẹ̀ fún. Mi ò ríbi lọ. Tí mo bá ti gbọ́ ìrìn Bọ̀dá Múfù lọ́ọ̀dẹ̀, màá yára ti ilẹ̀kùn yàrá mi.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n parí èrò sí pé Táyọ̀ ni. Òun ló rẹ́ǹtì yàrá iwájú, fóònù ló ń tún ṣe. Wọ́n ní kì í ṣe ọmọ ilé, ó sì mọ̀ nípa kámẹ́rà. Bọ̀dá Múfù fúnra rẹ̀ ló sọ fún un pé kó kó jáde kí oṣù yìí tó parí. Ìyàwó Táyọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni.

Lánàá, Táyọ̀ wá bá mi, ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ẹ̀yin ni wọ́n ń gbọ́ tiyín. Mo fi ọmọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bí búra, èmi kọ́ ni."

Mo ní, "Mo mọ̀."

Ó gbójú sókè, ó wò mí. "Báwo lẹ ṣe mọ̀, sà?"

Mo kàn sọ pé màá bá Bọ̀dá sọ̀rọ̀. Mi ò tíì bá a sọ ọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Tí mo bá jẹ́wọ́, mi ò nílé mọ́, ìyá mi ò sì ní lè gbójú sókè láàárín agboolé. Tí mi ò bá jẹ́wọ́, ọmọ jòjòló yẹn á sùn síta nítorí ẹnu mi. Bí mo ṣe ń kọ èyí, Bọ̀dá Múfù ń pè mí. Oúnjẹ ti délẹ̀, ó ní òun ò ní fọwọ́ kàn án àfi tí mo bá dé. Báwo ni kí n ṣe jókòó tì í?