Àtàǹpàkò Inú Àwòrán

Ẹ̀yin jàmáà, ẹ̀yin ìyá wa lápá ọ̀hún, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ dúró sẹ́nu géètì bí ẹni fẹ́ sá lọ, àlàáfíà Ọlọ́hun kó máa bá gbogbo wa gbé. Òbí lọ̀rọ̀ mi dá lé lónìí. Ọlọ́hun Ọba pàṣẹ pé ká sin Òun nìkan, kò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù kó tó so oore òbí mọ́ ọn. Mo fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin kan tó gbé bàbá olóko kọ́ sí pálọ̀, tí bàbá tirẹ̀ sì ń bẹ lẹ́yìnkùlé. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ dúró ná.

Alhaji Mùdàṣírù ni wọ́n ń pè é, ọmọ abúlé kan lẹ́bàá Ìwó, tó ń ta táìlì l'Óṣogbo. Ó ń kírun, ó ń yọ sàká. Lọ́jọ́ kan, ó lọ kí olówó bíi tirẹ̀, ló bá rí àwòrán ńlá kan lára ògiri. Arúgbó òyìnbó kan ni, àgbẹ̀ ni, ó jókòó sórí àpótí, ẹ̀wù rẹ̀ ti gbó, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Wọ́n ní ó ti pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n ti ya ojúlówó rẹ̀ nílùú òyìnbó. Wọ́n ní ẹ̀dà lèyí, ṣùgbọ́n ọwọ́ èèyàn ló yà á, ọ̀dà tí wọ́n fi òróró pò ni wọ́n lò, kì í ṣe ẹ̀rọ. Wọ́n ní àwọn tó lajú ló ń gbé irú ẹ̀ kọ́. Alhaji ní, "Èmi náà á ní tèmi!"

Mo rí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń wojú ara yín pé Ààfáà fẹ́ dájọ́ àwòrán. Ẹjọ́ àwòrán ní ọjọ́ tirẹ̀, ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Alhaji wá ayàwòrán kan, Tíjání, ó fún un ní ojú ewé kàlẹ́ńdà kan tí àwòrán náà wà nínú ẹ̀. Nítorí òórùn ọ̀dà, ẹ̀yìnkùlé ni Tíjání ti ń yà á. Ẹ̀yìnkùlé yìí kan náà sì ni bàbá Alhaji ń gbé.

Bàbá Yékínì ni wọ́n ń pe bàbá yìí, ó ti abúlé wá láti oṣù méjì sẹ́yìn. Kò tọrọ owó, kò tọrọ aṣọ. Ohun tó sọ ni pé, "Mùdàṣírù, ara mi ti ń bá mi sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ gbé ọwọ́ lé ọ lórí, kí n ṣàdúà fún ọ, kí n tó lọ bá Ẹlẹ́dàá mi." Kí ni Alhaji fọ̀? "Kò burú, Bàbá. Ẹ jẹ́ káwọn àlejò mi lọ ná." Àlejò lọ, àlejò mìíràn dé. Ó ní kí Bàbá máa gbé yàrá ẹ̀yìn nítorí ikọ́ rẹ̀, kó má sì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ tó sán wọ pálọ̀ bí èèyàn bá wà níbẹ̀. Ṣé ó bú u ni? Kò bú u o! Wọ́n ń gbé oúnjẹ fún un lásìkò. Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Alhaji ń fún bàbá rẹ̀ lọ́mú, kò kàn wojú ẹ̀ ni.

Tíjání ya ojú, ó ya irùngbọ̀n. Nígbà tó dé ọwọ́, ó há. Omi ti kán sí ìsàlẹ̀ kàlẹ́ńdà náà, ọwọ́ àgbẹ̀ yẹn ti di àbàwọ́n. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ń yà á tó ń nù ún. Gbogbo ọwọ́ tó bá yà, ọwọ́ akọ̀wé ni. Ló bá gbójú sókè, ó rí Bàbá tó ń bó ẹ̀gúsí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi lọ́wọ́ yín."

"Kí n gé e fún ọ ni?"

"Ká má rí i o! Ẹ ṣáà gbé e lé orúnkún, kí n máa wò ó."

Bàbá gbé e lé e, ó tẹjú mọ́ àwòrán náà. "Kí ni bàbá yìí ń gbìn?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá. Bóyá ànàmọ́."

"Ṣé ọmọ ẹ̀ ló ní kó o yà á?"

"Alhaji ni, Bàbá."

Inú Bàbá dùn. Ó ní, "Ọlọ́hun á san án fún un. Ó dáa kéèyàn máa rántí àgbẹ̀." Tíjání ti búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ bọ ọ̀dà. Ó fi àwọ̀ òyìnbó kun ọwọ́ náà, ṣùgbọ́n kò yọ oríkèé kan kúrò, kò yọ àpá kan kúrò.

Wọ́n gbé àwòrán kọ́, àwọn àlejò ń yìn ín. Ṣùgbọ́n ohun kan ń fa Alhaji. Bó bá kírun Sùbúì tán, á lọ dúró níwájú ẹ̀, á máa wo àtàǹpàkò ọ̀tún, tí èékánná rẹ̀ là sí méjì. Á ní, "Níbo ni mo ti mọ ìka yìí?" Ó yẹ kàlẹ́ńdà wò, àbàwọ́n ló bá níbẹ̀. Ó ń rò ó ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń rò ó lórí ìrun pàápàá. Jàmáà, ṣé nǹkan ti ṣe yín bẹ́ẹ̀ rí, tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, tẹ́ ẹ ò rántí ẹ̀?

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, àlejò kan súnmọ́ àwòrán náà. "Alhaji, kí ló ṣe bàbá yìí ní àtàǹpàkò?"

Alhaji fẹ́ sọ pé òun ò mọ̀, ẹnu rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀. "Àdá ni."

"Ta ló sọ fún yín?"

Háà! Ọmọ ọdún méje ni Mùdàṣírù nígbà yẹn. Òun ló di igi mú tí bàbá rẹ̀ ń gbẹ́ ẹ lẹ́nu, kí wọ́n fi ta iṣu. Àdá yọ̀, ó dorí kọ ọmọ, bàbá sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbà á. Ẹ̀jẹ̀ bo ọmọ lójú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ọmọ.

Ó fi àlejò sílẹ̀, ó sáré dé ẹ̀yìnkùlé. Ẹní Bàbá ti wà ní kíká. Ìyá tó ń se oúnjẹ ní, "Bàbá ti lọ láti Àtàláátà. Wọ́n ní ká má yọ yín lẹ́nu, pé ẹ ní àlejò." Ọjọ́ mẹ́ta! Ọjọ́ mẹ́ta ni bàbá ti kúrò nílé, ọmọ ò mọ̀.

Alhaji wa mọ́tò dé abúlé. Ó bá Bàbá lórí ẹní. Wọ́n ní Àlàrùba ló ṣubú nídìí àlùwàlá, apá ọ̀tún ti kú, ahọ́n ò yí mọ́. Ojú nìkan ló ń ríran, ó sì rí ọmọ rẹ̀. Alhaji kúnlẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọ ọdún méje. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọwọ́ bàbá rẹ̀, ó gbé e lé orí ara rẹ̀. "Bàbá, mo ti dé. Ẹ ṣe àdúà náà." Ẹnu Bàbá mì, ohùn ò jáde. Nígbà tí Alhaji jọ̀wọ́ ọwọ́ náà, ó yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí Bàbá fi kú.

Ṣé àdúà náà gbà? Ọlọ́hun ń gbọ́ èyí tí ahọ́n ò lè sọ, ṣùgbọ́n Alhaji ò mọ̀, kò sì sẹ́ni tó lè sọ fún un. Ẹni tó bá bi í léèrè àwòrán yẹn lónìí, ohun tó ń sọ ni pé, "Ọwọ́ bàbá mi nìyẹn." Ọwọ́ ọ̀hún ṣì wà lára ògiri lórí orúnkún, kò sì lè gòkè.

Ìwọ tí ọwọ́ òbí tìrẹ ṣì ń gòkè, kí lò ń dúró dè? Bá a bá ti ṣe àdúà tán, gba ilé lọ, lọ gbé orí rẹ sábẹ́ ẹ̀. Ọlọ́hun má jẹ́ ká dá òbí wa mọ̀ nígbà tó ti pẹ́ jù. Kó la ojú wa sí ẹni tó wà lẹ́yìnkùlé wa. Ẹni tí tirẹ̀ ti lọ, kí Ọlọ́hun fi àlùjánńà kẹ́ wọn. Àmín.