Àpótí Mẹ́ta Tí Wọ́n Kà Sí Bàbá Létí

Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò ní gbé e gùn mí lórí, ẹ ò ní gbé e gùn mí lórí rárá, ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi ná kí ẹ tó máa wò mí bí ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn ilé-ìwòsàn mọ́ bàbá rẹ̀! Mo mọ̀ pé Bàbá ò lọ fún iṣẹ́ abẹ ojú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo mọ̀ pé ojú òsì yẹn nìkan ló kù, pé ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ló ṣì ń rí díẹ̀díẹ̀, pé ọ̀tún ti lọ pátápátá. Mo mọ̀ pé wọ́n ti fi ẹlòmíì sí àyè rẹ̀, ó di oṣù méjì sí i. Ṣé ẹ rò pé mi ò mọ̀ ni? Ṣùgbọ́n kí ẹ wá láti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ yín, kí ẹ má tíì bọ́ bàtà, kí ẹ ní Bàbá sọ pé ojú ìwé orí fóònù ló ní kí òun má wá, èmi ni mo sì ṣe ojú ìwé! Háà. Ẹ jókòó. Ẹ fa àga yẹn mọ́ra, kí ẹ sì rọra sọ̀rọ̀, Bàbá wà ní yàrá.

Fáàrí ni. Ẹ ò mọ̀ ọ́n, a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ni, àwa méjèèjì la ń ṣe ojú ìwé tí àwọn aláìsàn máa ń ṣí láti wo ọjọ́ tí dókítà dá fún wọn. Fáàrí là ń pè é nítorí ohun tí kò bá ti rẹwà, ara rẹ̀ kì í gbà á. Bó bá rí bọ́tìnì ojú ìwé tí igun rẹ̀ mú, á dùn ún bí ẹni tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́. Mi ò bú u o. Mò ń ròyìn rẹ̀ fún yín ni. Bí mo bá fẹ́ bú u, ẹ máa mọ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tí èmi ṣe, kí ẹ wá dá a. Mo ṣe àpótí ọ̀rọ̀ mẹ́ta sójú ìwé yẹn. Ọ̀kan sọ pé, "Iṣẹ́ abẹ yín ṣì wà bí a ṣe dá a." Èkejì ní, "A ti sún iṣẹ́ abẹ yín síwájú." Ẹ̀kẹta ní, "A ti fagi lé iṣẹ́ abẹ yín." Ṣé ó yé yín? Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò lè jẹ́ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sínú kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí ẹ̀rọ ń tẹ̀lé, pé bí iṣẹ́ abẹ bá ṣì wà, gbé àpótí àkọ́kọ́ jáde, bí wọ́n bá sún un, gbé èkejì, bí wọ́n bá fagi lé e, gbé ẹ̀kẹta, èyí tí ọ̀rọ̀ ò bá sì kàn, má gbé e wá síbẹ̀ rárá. Mi ò ní kó fi í pamọ́ o! Mo ní kó má gbé e wá. Kó má sí níbẹ̀. Kó dà bí ẹni tí wọn ò bí.

Ẹ̀yin náà ń ránṣọ. Bí oníbàárà yín bá ní òun ò fẹ́ ọwọ́ gígùn, ṣé ẹ máa rán ọwọ́ gígùn sí i, kí ẹ wá ká a sínú, kí ẹ ní ṣèbí ẹni tó bá wò ó ò lè rí i? Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹ kúkú ń mi orí.

Oṣù mẹ́fà ló fi ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni ò ké. Àfi bí Fáàrí ṣe dé lọ́jọ́ kan, tó ní àwọn àpótí mi kì í lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́! Ó ní bí ọ̀rọ̀ bá ti yí padà, pàá ni èyí tó wà níbẹ̀ ń pòórá, ó ní ó ń já èèyàn láyà. Ó fẹ́ kí ọ̀kan máa rọra ṣá lọ, kí òmíì máa rọra yọ bọ̀. Mo ní kí ni àǹfààní rẹ̀? Ó ní ẹwà ni. Ẹni tó ń retí kí wọ́n fi abẹ kàn án lójú, ẹwà ló ń wá kiri! Ohun tí kò bá sì sí níbẹ̀, ẹ ò lè ní kó rọra ṣá. Ni Fáàrí bá yọ gbogbo "bí" tí mo kọ kúrò, ó kó àpótí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ó tò wọ́n lé ara wọn lórí, ó wá sọ méjì tí ọ̀rọ̀ ò kàn di aláìláwọ̀. Wọ́n wà níbẹ̀ o. Wọ́n jókòó pẹ̀sẹ̀ síbẹ̀. Ojú ni kò rí wọn.

Ojú, ẹ̀gbọ́n mi! Ojú ìwé ilé-ìwòsàn ojú! Ta ló rò pé ó ń lọ síbẹ̀?

Ẹ̀yin fúnra yín lẹ tan ohùn yẹn fún Bàbá, ohùn inú fóònù tó máa ń ka ìwé síni létí. Ohùn yẹn ò mọ àwọ̀. Ohun tó bá wà níbẹ̀ ló ń kà. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Bàbá ti wẹ̀, ó ti wọṣọ, ó ti so okùn bàtà tán, ó ní kí òun tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i kí ọkọ̀ tó dé. Ó tẹ fóònù. Ohùn bẹ̀rẹ̀, kò tiẹ̀ dúró mí: iṣẹ́ abẹ yín ṣì wà bí a ṣe dá a, a ti sún iṣẹ́ abẹ yín síwájú, a ti fagi lé iṣẹ́ abẹ yín. Ó tán.

Ẹ mọ ohun tí Bàbá ṣe? Ó bọ́ bàtà. Nígbà tí mo bi í, ó ní ọ̀rọ̀ náà yé òun kedere, pé àwọn dókítà ló ń jiyàn láàárín ara wọn, àwọn kan ní kó wà, àwọn kan ní kí wọ́n sún un, àwọn àgbà ibẹ̀ wá dá sí i, wọ́n fagi lé e. Ó ní òun ò bínú. Ó ní iṣẹ́ dókítà ò rọrùn.

Mo gbé e lọ sí ìpàdé ọ́fíìsì lánàá. Fáàrí fetí sílẹ̀ dáadáa, ó ní, "Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè rí i." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Bí kò bá sẹ́ni tó rí i, báwo ló ṣe wá pa ẹnikẹ́ni lára?" Mo fi Ọlọ́run búra, ife kọfí gbígbóná wà lọ́wọ́ mi, mo gbé e kalẹ̀. Mo rọra gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì. Ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ìyá wa tọ́ mi dáadáa. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù kí ó kọ sí i, ọ̀rọ̀ kan tó máa sọ fún ohùn yẹn pé kó fo èyí tí kò kàn. Kò kọ ọ́. Kò tiẹ̀ wá sí i lọ́kàn pé àwọn kan wà láyé tó ń fi etí kàwé.

Kí lẹ wí?

Ẹ ní ṣé ẹnì kankan kì í yẹ iṣẹ́ wò kó tó jáde ni. Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò. Òfin ọ́fíìsì ni, kóòdù kankan ò gbọdọ̀ jáde láìjẹ́ pé ẹlòmíì yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì fọwọ́ sí i. Ta ló fọwọ́ sí i? Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò lè jẹ́ kí n mu omi ná?

Èmi ni.

Èmi ni mo fọwọ́ sí i, ṣé ẹ gbọ́ báyìí? Ó gbé e fún mi lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan, mo ṣí i, ọ̀rọ̀ kan ń rọra lọ, òmíì ń rọra bọ̀, ó rẹwà, Ọlọ́run mi, ó rẹwà! Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ó dára gan-an." Mi ò tan ohùn. Èmi tí bàbá mi ò ríran, mi ò tan ohùn, ojú lásán ni mo fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má dì mọ́ mi. Inú ṣì ń bí mi, ẹ jẹ́ kó bí mi.

Ẹ wá mọ èyí tó ń dùn mí jù? Nọ́ọ̀sì ló sọ fún mi. Ó ní nígbà tí òun pe Bàbá pé kí ló dé tí ẹ ò wá, Bàbá ní ṣèbí ẹ̀yin lẹ fagi lé e. Nọ́ọ̀sì ní kò sóhun tó jọ ọ́, bóyá baba ṣì í gbọ́ ni. Bàbá ní òun ò ṣì í gbọ́. Ó ní kí wọ́n lọ yẹ ìwé tiwọn wò, pé ọmọ òun ló ṣe ojú ìwé yẹn, ọmọ náà kì í sì í parọ́ fún òun. Ó wá ní ó dàbọ̀, ó pa fóònù.

Títí di ìsinsìnyí, ó gbà pé ilé-ìwòsàn ló parọ́. Lánàá, ó ní kí n bá òun kọ lẹ́tà sí wọn. Ó ní kí n jẹ́ kó gbóná. Mo jókòó tì í, mo mú bírò dání, ó ń pè é fún mi, mo sì ń kọ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo rẹ̀ ni mo kọ! Ó ní kí n fi "ẹ̀yin aláìbìkítà wọ̀nyí" sí i. Mo fi sí i.

Mo ti tún kóòdù ṣe, gbogbo "bí" yẹn ti padà síbẹ̀. Ó ku kí n wọ yàrá yẹn lọ jẹ́wọ́ fún Bàbá. Mò ń lọ, ẹ má tì mí. Ẹ má bá mi wọlé, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ fún mi, mi ò fẹ́. Ẹnu ọ̀nà ni kí ẹ dúró sí. Bí ẹ bá wá gbọ́ tí mo dárúkọ Fáàrí kí n tó dárúkọ ara mi, mo bẹ̀ yín, ẹ wúkọ́. Ẹ wúkọ́ dáadáa, kí n gbọ́.